Alága Tó Sun Ìrèmọ̀jé Ara Rẹ̀

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Otù lọ sí Ìrawọ̀, tí ó sì yà sí ọwọ́ òsì níbi tí igi ayin ti pọ̀, yóò dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ayin. Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú máàpù. Àwọn tó ń ya máàpù kì í yà sọ́wọ́ òsì. Iṣu ibẹ̀ ń ta, àgbàdo ibẹ̀ ń gbó, ọkà bàbà ibẹ̀ sì ga ju ẹni tó gun ẹṣin lọ. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó ga ní ìlú náà tó Alága káńsù rẹ̀.

Ọlátúnjí Ìyápọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Orúkọ tí ó ń jẹ́ ni Ọlọ́lá Jùlọ, Ọ̀mọ̀wé, Ẹkùn Òkè-Ògùn, Oòrùn Tí Kì Í Wọ̀. Ta ló fi í jẹ ọ̀mọ̀wé? Òun fúnra rẹ̀ ni, ní ọjọ́ kan tí ó ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáadáa, tí ó sì rí i pé ó tọ́ sí òun. Bí ó bá ti ń wọ ọgbà káńsù ní àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ a dìde, wọn a ní, "Oòrùn ti là!" Ní ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, tí òrùlé káńsù sì ń jò bí ajere, àwọn òṣìṣẹ́ ta agboòrùn nínú ilé, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Oòrùn ti là!" Alága wo àwọn agboòrùn náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Mo rí i pé mo ti ń ta yín lára."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí obìnrin kan gbé ẹ̀wà kaná, ẹ̀wà náà yóò jinná, wọn yóò jẹ ẹ́, wọn yóò fọ ìkòkò, Alága yóò sì máa wí pé, "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi gan-an." Nítorí náà ni òfin àkọ́kọ́ tí ó ṣe fi jẹ́ òfin má-yán. Ẹnikẹ́ni tí oorun bá ń kùn, tí ó sì fẹ́ yán níbi tí Alága bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ akọ̀wé káńsù. Láti ọjọ́ náà ni fìlà ti di ohun èlò pàtàkì ní Ìdí-Ayin: àwọn àgbà ń fi bo ẹnu, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ katakata wá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ fún katakata títí ohùn fi há. Nígbà tí ó dé, Alága ní kí wọ́n ya àwòrán ojú òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ìlú lè mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n yà á, ó jọ ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ní ọjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ wá mú un lọ sóko, Alága jáde sí wọn.

"Oko wo lẹ ń gbé e lọ?"

"Oko iṣu ni, Ọlọ́lá Jùlọ."

"Kí ẹrẹ̀ wá ta sí mi lójú?"

Katakata padà sábẹ́ àtíbàbà tuntun tí wọ́n kọ́ fún un, wọ́n ń nù ún láràárọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì padà sí ìdí ọkọ́ wọn.

Ẹ má rò pé Alága kò ní ìṣòro. Ìdìbò ń bọ̀, ó sì fẹ́ padà sórí àga. Kí ó tó lè padà, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfàkalẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Àgbà Àríyọ̀, aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Àgbà Àríyọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ṣòro láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀: bí oṣù bá ti lé, kí ó tó fọ ẹnu, yóò ti ka *Asẹ́*.

*Asẹ́* ni ìwé-ìròyìn tí Motúnráyọ̀ ń tẹ̀ jáde. Wọ́n ń kà á láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, ní gáréèjì, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí kò mọ̀wé kà a ní kí ẹlòmíràn kà á fún òun, yóò sì ní kí ó tún un kà níbi tí ẹ̀rín wà. Motúnráyọ̀ jẹ́ opó. Ọdẹ ni Ògúndèjì ọkọ rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó kú. Ìyá Àyọ̀ká ni ìlú ń pè é. Ìrísí rẹ̀ kò lè dẹ́rù ba adìyẹ, ṣùgbọ́n ojú-ìwé ẹ̀yìn *Asẹ́*, tí ó pè ní "Ohun Tó Kù Nínú Asẹ́", ti lé àwọn alágbára wọ yàrá. Ìwé ni, orin ni, ìwàásù ni, gbogbo rẹ̀ ni ó ń sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, èérí tó bá kù ni yóò fi han ìlú. Ó kọ ọ́ nípa olórin kan pé, "Ohùn rẹ̀ dára. Ó kù kí ó rí orin." Ó kọ ọ́ nípa oníwàásù kan pé, "Ìwàásù rẹ̀ dà bí ọ̀nà oko wa ní ìgbà òjò: ó gùn, ó sì ní ibi púpọ̀ tí ènìyàn lè há sí." Oníwàásù náà gé ìwàásù rẹ̀ sí ìlàjì, ìjọ rẹ̀ kún, ó gbé iṣu wá dúpẹ́. Bí *Asẹ́* bá yin ènìyàn, a ríbi jókòó níbikíbi. Bí ó bá sẹ́ ẹ, olúwarẹ̀ a máa gba ẹ̀yìnkùlé.

Kò tíì kọ ohunkóhun nípa Alága rí. Èyí gan-an ni ó ń dun Alága.

"Dayọ̀," ni ó wí ní ọjọ́ kan, "kí ló dé tí obìnrin yìí kò kọ nípa mi?"

Dayọ̀ ni olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ìròyìn àti ìyìn. Ìgboro ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Igbó tí ó mọ̀ kò ju èyí tí ènìyàn ń rí lójú fèrèsé ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìyìn, kò lẹ́gbẹ́.

"Ìwé ló máa ń yẹ̀ wò, Ọlọ́lá Jùlọ. Ẹ ò tíì kọ ìwé."

"Ṣé mo kéré sí ìwé ni?"

"Ẹ tóbi jù ú lọ, sà. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣàánú ìwé."

Alága ṣàánú ìwé. Dayọ̀ kọ ọ́, Alága buwọ́ lù ú. *Ẹkùn Kan Ṣoṣo* ni àkọlé rẹ̀. Orí kìíní ni "Ìbí Mi, Bí Ó Ṣe Ya Ìlú Lẹ́nu". Orí kan wà láàárín tí wọ́n pè ní "Bí Mo Ṣe Borí Ìrẹ̀lẹ̀". Nítorí pé àwọn ọdẹ ló ń ṣọ́ oko ní Ìdí-Ayin, tí ìlú sì fẹ́ràn wọn, Alága di ọdẹ nínú ìwé náà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí iwájú ìwé, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ tí wọ́n yá, ó di ìbọn tí wọ́n yá mú, ó gbé ẹsẹ̀ lé òyà ńlá kan tí wọ́n rà ní ẹ̀bá títì. Ẹni tó bá wo fọ́tò náà dáadáa yóò rí i pé òyà náà ti gbẹ nínú èéfín kí Alága tó yìnbọn fún un.

"Ó kù síbì kan," ni Dayọ̀ wí. "Ìwé ọdẹ kì í pé láìsí ìjálá."

Ó ṣí fóònù rẹ̀. Orin ọdẹ kan wà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí Wọsáàpù, tí ẹni yẹn náà fi ránṣẹ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Dayọ̀. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ni, ó dùn, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Orúkọ ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀. Dayọ̀ yọ orúkọ náà, ó fi Ọlátúnjí sí i, ó sì kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń di orí mú. Ìjálá ni ọdẹ ń sun nígbà tí ẹran bá jinná tí ẹmu sì wà nílẹ̀. Ìrèmọ̀jé yàtọ̀. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń sun ún, ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣípà ọdẹ tó kú, tí wọ́n kó àpò àti ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n, tí wọ́n sì gbé e lọ sójú ọ̀nà igbó, kí ó lè yà kúrò láàárín wọn ní àlàáfíà. Ọdẹ kì í fi kọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ilé. A kì í sun ún fún ẹni tó ṣì ń jẹun. Ìrèmọ̀jé ni Dayọ̀ rí, tí ó pè ní ìjálá.

"Kí ni ajá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí?" ni Alága bèèrè.

"Àwọn mẹ̀kúnnù ni, sà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

"Ó ní mo lọ, mi ò wẹ̀yìn."

"Ìtẹ̀síwájú, sà! Ìjọba tí kì í wẹ̀yìn!"

"Ẹkún tó gba ilé kan ńkọ́?"

"Ayọ̀ ni, sà. Ayọ̀ náà ń pani lẹ́kún."

Alága nu ojú rẹ̀. "Ẹni tó ṣe orin yìí mọ̀ mí," ni ó wí. "Èmi fúnra mi ni màá sun ún lọ́jọ́ ìkójáde."

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìkójáde ìwé pé. Gbọ̀ngàn káńsù kún. Àgbà Àríyọ̀ wà níwájú, ó fi ọ̀pá ti ẹsẹ̀. Àwọn ọdẹ wà lápá ọ̀tún, Bàbá Ògúnmọ́dẹdé tí í ṣe Olúọ́dẹ ló ṣáájú wọn. Motúnráyọ̀ jókòó lápá òsì, pẹ̀lú awò rẹ̀ lójú. Alága ti fún un ní àga onítìmùtìmù, kí àtúpalẹ̀ *Asẹ́* lè rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣíde, àti ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣíde, Alága dìde nínú ẹ̀wù ọdẹ àyálò. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dijú, ó gbóhùn sókè:

"Ajá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́ni tí wọn ó jọ relé.
Àpò so kọ́ sára ayin, ọwọ́ tí ń kẹ́ran sí i ò sí.
Ọlátúnjí, o lọ, o ò wẹ̀yìn,
Ẹtu ń jẹ̀ lóko ẹ̀wà, ó ní ta ni yóò wí?
Ẹkún gbalé kan, ó kù fún èkejì…"

Ìyá arúgbó kan ta ìka yí orí rẹ̀ ká, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ṣí fìlà. Ó wo Alága pẹ́, bí ẹni ń wo ẹni tó ń rìnrìn àjò jíjìn. Lẹ́yìn náà ó dìde, àwọn ọdẹ dìde tẹ̀lé e, wọ́n jáde pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Alága lajú díẹ̀. "Wọn ò lè gbà á mọ́ra," ni ó sọ fún Dayọ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Ó ti wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara, sà."

Nígbà náà ni ó rí Motúnráyọ̀. Obìnrin náà ti yọ awò ojú rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Dayọ̀! *Asẹ́* ń sunkún!"

"Ó ti ń jò, sà! A ti wọlé!"

Wọ́n sùn nínú ayọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ó kù kí oṣù lé. Alága ti ra fíréèmù tí yóò fi gbé àtúpalẹ̀ náà kọ́.

Oṣù lé, *Asẹ́* jáde. Dayọ̀ ló mú un wá, ṣùgbọ́n kò pariwo láti ẹnu ọ̀nà bí ó ti máa ń ṣe. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni gbé àwo epo gbígbóná kalẹ̀. Alága ṣí ojú-ìwé ẹ̀yìn. Ohun tí ó kà nìyí:

"*Asẹ́* bá ẹbí Ìyápọ̀ kẹ́dùn. Ní ilẹ̀ wa, a kì í sun ìrèmọ̀jé fún ẹni tó bá ṣì wà láyé. Ní gbọ̀ngàn káńsù, níṣojú gbogbo wa, wọ́n sun ìrèmọ̀jé Alága Ọlátúnjí. Ẹni tó sun ún jẹ́ ẹni tí a kò lè jà ní iyàn, nítorí pé òun náà ni Alága. Olóògbé jẹ́ ọdẹ, ìwé rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìyàwó kan, ọmọ kan, àti katakata kan tí kò tíì rí oko rí sílẹ̀ sáyé. Àwọn òǹkàwé wa ti ń bèèrè èrò wa nípa ìwé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. *Asẹ́* kì í tú ìwé òkú palẹ̀ nígbà ọ̀fọ̀."

Alága kà á tán, ó tún un kà. "Dayọ̀, ṣé ó yìn mí?"

"Ó… ó pè yín ní olóògbé, sà."

Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kà á ní Otù, wọ́n ti kà á ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láti gáréèjì, ó sì bá ọkọ̀ lọ sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Bàṣírátù ni ìyàwó Alága. Àǹtí rẹ̀ kan gun ọ̀kadà wá láti Ìrawọ̀, ó ti ń ké láti ìta.

"Yéè! Bàṣírátù mi! Opó ọ̀sán gangan!"

Ó já wọ pálọ̀, ó bá Alága nídìí iyán. Iyán náà bọ́ lọ́wọ́ Alága. Àǹtí náà pa ariwo kejì, tó ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ó ń jẹ iyán! Ẹ gbà mí, ó ń jẹ iyán!" Ó ti padà dórí ọ̀kadà kí ẹnikẹ́ni tó dì í mú.

Bàṣírátù kò dìde. Obìnrin tó ti bá Alága gbé ọdún púpọ̀ kì í tètè dìde. "Bàbá Dámilọ́lá," ni ó wí, "ẹ tètè jẹ ẹ́ tán. Bí àwọn akẹ́dùn bá dé, màá ní láti pín in fún wọn."

Ní káńsù, kò sí ẹni tó dìde. Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́. Akọ̀wé káńsù wo ojú fèrèsé.

"Ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Afẹ́fẹ́ ni," ni ẹnì kejì dáhùn. "Oòrùn ti wọ̀."

Alága ní òun yóò lọ sórí rédíò, kí gbogbo ayé lè gbọ́ ohùn òun. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní òun wà láàyè, òun wà láàyè pátápátá, òun wà láàyè ju àwọn tó wà ṣáájú òun lọ. Nígbà tí ó mí, wọ́n ṣí ẹ̀rọ fún àwọn tó fẹ́ pè wọlé. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ pè.

"Alága, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ìyá mi níbẹ̀, Ìyá Alágbàdo, ẹ sọ fún un pé mo ti bí ọkùnrin."

Alága bọ́ ohun tí wọ́n fi sí etí rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí ó délé, àlejò ti kún pálọ̀. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé àti àwọn ọdẹ ni, wọ́n gbé agbọ̀n òfìfo kan síwájú. Àgbà Àríyọ̀ jókòó sí igun, ó ṣí *Ẹkùn Kan Ṣoṣo* sí ibi tí fọ́tò wà.

"Bàṣírátù, ẹ kú ìrọ́jú," ni Olúọ́dẹ wí. "A wá kó ẹrù ọdẹ."

"Bàbá, mo wà láàyè!"

"A rí i. Òkú mìíràn a máa lágídí."

"Èmi kò kú! Ẹ fọwọ́ kàn mí!"

"Olúwa má jẹ̀ẹ́." Bàbá náà fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Ọlátúnjí, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ṣé ọdẹ ni ọ́, àbí o kì í ṣe ọdẹ? Bí o bá jẹ́ ọdẹ, wọ́n ti sun ìrèmọ̀jé rẹ, o ti yà kúrò láàárín wa. Kí a gbé àpò rẹ lọ sójú ọ̀nà igbó ló kù. Bí o kì í bá ṣe ọdẹ, orin náà kò mú ọ, o wà láàyè. Kí o sáà jáde sọ fún ìlú pé o kì í ṣe ọdẹ. A ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó pa òyà inú fọ́tò yìí."

"Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n," ni Àgbà Àríyọ̀ wí. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága wo agbọ̀n, ó wo ìwé. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun ronú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gba ilé Motúnráyọ̀ lọ. Obìnrin náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi bírò pupa tún iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ṣe. Ajá pupa kan dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Alága ré e kọjá, ajá náà kùn.

"Ìyá Àyọ̀ká! Èmi, Ọlọ́lá Jùlọ, Ẹkùn Òkè-Ògùn, mo pàṣẹ pé kí *Asẹ́* kéde, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, pé mo wà láàyè!"

"Ẹ káàsán, Alága. Ẹ jókòó. Kí n bu omi fún yín? Ṣé ẹ ṣì ń mu omi?"

Alága jókòó. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nítòótọ́.

"Ẹ rí ajá yẹn?" ni Motúnráyọ̀ bèèrè, nígbà tí ó gbé omi dé.

"Mo rí i. Kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Mo ka àlàyé tó wà nínú ìwé yín. Ó ní ajá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn mẹ̀kúnnù ni. Kì í ṣe àwọn mẹ̀kúnnù, Alága. Òun nìyẹn."

Alága yíjú wo ajá náà. Ó ti gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú, ó kọjú sí ọ̀nà igbó.

"Ti Ògúndèjì ni," ni obìnrin náà wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣípà ọkọ mi, Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ló ṣe orin yẹn fún un, ohun tí ó rí ló fi ṣe é. Ajá wà níbẹ̀. Àpò wà lára ayin ìta yẹn. Ẹnì kan na fóònù sókè, ó ń gbà á sílẹ̀, mi ò lé e. Mo rò pé bí ó bá yá, màá fẹ́ gbọ́ ọ. Mi ò tíì lè gbọ́ ọ. Ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ padà, ẹ sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò."

Alága gbé ife sẹ́nu, omi ti tán nínú rẹ̀, ó sì ń mu ún lọ.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un níwájú àwọn ọdẹ. Ẹ sọ pé ẹ kì í ṣe ọdẹ. Èmi náà á kọ ọ́ pé ẹ ti jí."

"Ṣùgbọ́n ìfàkalẹ̀ ń bọ̀! Bí mo bá sọ pé n kì í ṣe ọdẹ, ìwé mi á di irọ́."

"Ó ti di irọ́ tipẹ́, Alága. Ẹ kàn máa jẹ́ kó sinmi ni."

Alága dìde. Ìgbéraga tí ó ti fẹ́ yọ́ tún dì bí òrí nínú ọyẹ́. Ó ní Ẹkùn kì í fi awọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ré ajá kọjá.

Ọjọ́ ìfàkalẹ̀, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ àyálò lọ, ó ní ọdẹ ni òun, baba òun ọdẹ, babańlá òun ọdẹ. Àgbà Àríyọ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Alága ní ọdẹ lòun. Àwọn ọdẹ ní ọdẹ yìí ti kú. Ẹgbẹ́ wa ti fa ọ̀lẹ kalẹ̀ rí, ó wọlé. A ti fa odi kalẹ̀ rí, ó wọlé. A ò tíì fa òkú kalẹ̀, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí mi."

Wọ́n fa Olúwaṣọlá kalẹ̀, obìnrin kan tó ń gbin iṣu, ó sì wọlé. Ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ kò gùn tó kí ọmọdé sín lẹ́ẹ̀mejì. Dayọ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Òṣùpá Òkè-Ògùn!" ni ó wí. Olúwaṣọlá ní kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúnmọ́dẹdé lọ kọ́ bí ìjálá ṣe yàtọ̀ sí ìrèmọ̀jé. Bí ó bá kọ́ ọ tán, kí ó padà wá. Títí di òní, kò tíì padà. Katakata sì jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Ó túlẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó sì padà bọ̀, ẹrẹ̀ ti bo Oòrùn Tí Kì Í Wọ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Alága àná kò bínú sí ti katakata mọ́. Ohun tó ń dùn ún ni ìkíni. Ní Ìdí-Ayin, ẹni tó ń jẹun ni wọ́n ń kí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kí, ẹni tó jókòó lásán náà ni wọ́n ń kí. Òun nìkan ni ojú ń fò kọjá. Ó ń gba ọjà kọjá, ọ̀rọ̀ a dákẹ́, bí ó bá ti kọjá, ẹ̀rín a bẹ́ sílẹ̀.

"Bàṣírátù," ni ó wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, "mo fẹ́ kí ẹnì kan kí mi."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Dámilọ́lá."

"Ẹlòmíràn."

Bàṣírátù gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣu tí ó ń bẹ. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i fún ìgbà pípẹ́. "Orúkọ olórúkọ wà lẹ́nu yín. Ẹ lọ tu ú sílẹ̀."

Àwọn ọdẹ ń pàdé lábẹ́ igi ayin ńlá lọ́jọ́ náà, àwọn ará ìlú sì wà níbẹ̀. Wọ́n rí Alága àná tó ń bọ̀, nínú bùbá lásán, láìsí fìlà. Àwọn àgbà ti ń wá fìlà tiwọn, nítorí wọ́n ti mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn tó. Motúnráyọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ajá pupa rẹ̀.

Ó dúró síwájú Olúọ́dẹ. Ó lanu, ó pa á dé, ó tún un là.

"Orin tí mo sun, ti Ògúndèjì ni. Mi ò pa ẹran rí. A ra òyà yẹn ni."

Wọ́n ń dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Kò sí ẹni tó yán.

Bàbá Ògúnmọ́dẹdé mú fìlà tó wà lórí eékún rẹ̀, ó dé e.

"Ọlátúnjí," ni ó wí, "o káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni ọkùnrin náà dáhùn. Kò sí ẹni tó tún pè é ní orúkọ mìíràn, òun náà kò sì bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí oṣù lé, Bàṣírátù ló ra *Asẹ́*, tí ó sì kà á sókè fún un ní ẹ̀yìnkùlé:

"Inú wa dùn láti sọ fún àwọn òǹkàwé wa pé òkú ti jí. Nítorí náà, *Asẹ́* lè wá tú ìwé rẹ̀ palẹ̀, ọ̀fọ̀ ti tán. Ìwé *Ẹkùn Kan Ṣoṣo* wúwo, ó sì dára fún títì ilẹ̀kùn sí ìgbà ọyẹ́. Orin kan ṣoṣo ló dára nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín sì ni Ògúndèjì. Ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ tí Ọlátúnjí Ìyápọ̀ sọ láyé rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà. Abẹ́ igi ayin ló ti sọ ọ́. A sẹ́ ẹ, kò sí èérí."

Fíréèmù tí Ọlátúnjí rà ṣì wà lábẹ́ àga, inú rẹ̀ ṣófo.

"Bàṣírátù," ni ó wí, "jọ̀wọ́, tún ìparí rẹ̀ kà."